Jẹ́sì Packers aláwọ̀ aró, olóbìrìkìtì láyà: ẹ má jù ú padà sínú òkìtì

Jẹ́sì kan wà lórí àtẹ ọ̀kírìkà ní Òṣogbo tí ọwọ́ máa ń bà, tí ojú máa ń wò, tí wọ́n sì máa ń jù padà sínú òkìtì. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí aró tó jinná. Òbìrìkìtì yẹ́lò ńlá kan wà láyà rẹ̀, nọ́ńbà sì wà nínú òbìrìkìtì yẹn. Kò ní lẹ́tà G, kò ní àwọ̀ ewé, síbẹ̀ lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní ti Green Bay Packers, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan ní Amẹ́ríkà, ni òun. Ẹni tó mọ Packers díẹ̀ á ní ayédèrú ni, nítorí ewé àti yẹ́lò ló mọ̀ mọ́ wọn. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rárá á ní aṣọ eré ilé ẹ̀kọ́ kan ni. Àwọn méjèèjì ló ṣì í mú.

Nínú gbogbo aṣọ Packers tó ń bá bẹ́ẹ̀lì wọlé, eléyìí wà lára àwọn tó sún mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà jù lọ. Ó yẹ ní ríra. Àmọ́ ayédèrú tirẹ̀ náà wà, ojúlówó tí ìfọ̀ àti áyọ́ọ̀nù ti bà jẹ́ sì wà pẹ̀lú, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tú aṣọ náà wò láti orí àwọ̀ dé orí òwú.

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni Packers ń gbá, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí ṣóńṣó lápá méjèèjì. Jẹ́sì olóbìrìkìtì yìí kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Aṣọ ìrántí ni. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2010, wọ́n wọ̀ ọ́ wọ pápá láti fi rántí ẹgbẹ́ wọn ti ọdún 1929, wọ́n sì na San Francisco 49ers ní 34 sí 16. Reebok ló ń rán aṣọ fún gbogbo ẹgbẹ́ NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, nígbà yẹn, Nike sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 2012. Ìdí nìyẹn tí lébẹ́ẹ̀lì méjèèjì fi lè wà lára ojúlówó. (Nike eléyìí kò bá Nike Okundaye oníàdìrẹ tiwa tan o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ aró ni à ń sọ.)

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ àwọ̀ aró?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1919, Earl Lambeau, tí wọ́n ń pè ní Curly, àti George Whitney Calhoun tó ń kọ ìròyìn eré ìdárayá, pe àwọn ọ̀dọ́kùnrin Green Bay jọ sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn Press-Gazette, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọmọ bíbí ìlú náà ni Lambeau. Ní 1918 ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Notre Dame lábẹ́ olùkọ́ni Knute Rockne, kí ọ̀fun tó ń dùn ún tó dá a padà wálé. Búlúù àti àwọ̀ wúrà ni Notre Dame ń wọ̀, àwọ̀ yẹn náà ló sì fi wọ ẹgbẹ́ tuntun yìí. Àwọn ará ìlú tiẹ̀ ń pè wọ́n ní Blues nígbà míì. Kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan àwọ̀ ewé, búlúù ni wọ́n. Wọ́n dán ewé wò ní àárín ọdún 1930 sí 1939, wọ́n tún padà sí búlúù, wọ́n tún gbé ewé wọ̀ ní ọdún 1950 sókè, ó sì di ọdún 1959, nígbà tí Vince Lombardi dé bí olùkọ́ni, kí ewé àti wúrà tó jókòó pa sí wọn lára. Ẹni tó bá ní "Packers kì í wọ búlúù" ń sọ ìtàn láti ìdajì.

Orúkọ náà ti ọ̀dọ̀ aṣọ wá, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jẹ́sì ẹgbẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Lambeau ń ṣiṣẹ́ ní Indian Packing Company, ilé iṣẹ́ tó ń di ẹran sínú agolo. Ìwé ẹrù tó ń jáde ló ń bójú tó, wọ́n sì ń san 250 dọ́là fún un lóṣù. Ó tọrọ owó aṣọ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, Frank Peck, wọ́n fún un ní 500 dọ́là, wọ́n sì yá ẹgbẹ́ ní pápá tí wọ́n á ti máa gbáradì. Ohun tí wọ́n fi san oore náà ni orúkọ: Packers, àwọn tó ń di ẹran. Ní 1921 ilé iṣẹ́ mìíràn, Acme Packing Company, ra Indian Packing, orúkọ Acme sì gun àyà àwọn agbábọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá rí jẹ́sì ìrántí tí wọ́n kọ ACME PACKERS sí láyà, ìyẹn náà kì í ṣe ayédèrú. Ti ọdún 1921 ló ń fara wé. Kò pẹ́ tí Acme fi yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fi 500 dọ́là rà kò kúrò lára ẹgbẹ́ náà mọ́.

Ní 1919 yẹn, wọ́n na North End ti ìlú Menominee ní 53 sí 0 nínú ìdíje àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án. Nínú ìdíje 11, ẹyọ kan péré ni wọ́n pàdánù, 6 sí 0, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Beloit. Hagemeister Park tí wọ́n ti ń gbá a kò ní ọgbà yí ká, kò sí géètì tí wọ́n á ti gba owó, fìlà ni wọ́n ń gbé kiri láàárín òǹwòran. Nígbà tí ọdún parí tí wọ́n pín owó, 16 dọ́là àti sẹ́ǹtì 75 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Òbìrìkìtì ńkọ́? Òun ló ń sọ ọdún fún yín. Aṣọ 1929 ni Reebok fi ṣe àwòkọ, kì í ṣe ti 1919, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló sì ń dà wọ́n pọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ṣàdédé mú 1929. Ní ọdún yẹn Lambeau mú ọkùnrin mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀kan náà: Cal Hubbard, ẹni gìrìwò kan láti ẹgbẹ́ Giants ti New York, Mike Michalske, àti Johnny McNally tí wọ́n ń pè ní Johnny Blood. Hubbard àti McNally wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sí ilé ìyìn bọ́ọ̀lù náà ní Canton ní 1963, Lambeau fúnra rẹ̀ sì wà pẹ̀lú wọn, Michalske sì wọlé ní 1964. Ìdíje 13 ni Packers gbá ní 1929. Wọ́n borí nínú 12, wọ́n sì gbá ọ̀kan yòókù ní 0 sí 0 pẹ̀lú Frankford Yellow Jackets. Nínú gbogbo ìdíje yẹn, àmì ayò 22 péré ni wọ́n jẹ́ kí àwọn ọ̀tá gbà. Ẹ ronú sí i: nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, gbígbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti mú àmì 6 wá, nítorí náà 22 láàárín oṣù mẹ́ta kò yàtọ̀ sí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ibi tí ọdún náà ti dá ẹjọ́ ara rẹ̀ ni New York, ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá. Giants àti Packers pàdé ní Polo Grounds láìsí èyí tí ẹnikẹ́ni ti nà nínú wọn. Packers na Giants ní 20 sí 6. Giants kò sì tún pàdánù mọ́ títí ọdún fi parí, àmọ́ ẹyọ kan yẹn ti tó. Kò sí àṣekágbá nígbà náà, tábìlì ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó gba ife, bíi ti líìgì àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1933 ni àṣekágbá ọdọọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Packers tún gba ife ní 1930 àti 1931. Ẹ wá wo ohun tó wà láyà jẹ́sì tí wọ́n ń jù padà yẹn: ife àkọ́kọ́ ni.

Ohun tí kò sí lára aṣọ náà ṣe pàtàkì bí ohun tó wà níbẹ̀. Lẹ́tà G kò gbọdọ̀ sí lára àwòkọ 1929, nítorí ọdún 1961 ni wọ́n ya G yẹn, Gerald Braisher tó ń tọ́jú aṣọ ẹgbẹ́ ló sì bójú tó o. Bí ẹ bá rí olóbìrìkìtì tó ní G lápá, ẹnì kan ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bí orúkọ agbábọ́ọ̀lù bá wà lẹ́yìn, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí ayédèrú, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ máa ń kọ ọ́ kí ó lè tà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń kọ orúkọ sẹ́yìn ní Green Bay ní 1929. Ọdún 1970 ni gbogbo líìgì náà sọ ọ́ di dandan. Bákan náà ni àmì líìgì kékeré tó máa ń wà ní ọrùn: ti òǹtajà òde òní ni.

Ohun tí a kò lè gbóríyìn fún àwòkọ yìí lé lórí ni aṣọ tí wọ́n fi rán an. Irun àgùntàn ni jẹ́sì 1920 sí 1929, ó nípọn, ó ń gba omi, ó sì ń wúwo bí òjò bá rọ̀. Wọ́n tún máa ń rán àwọn ọ̀já tó le mọ́ iwájú àti apá kí bọ́ọ̀lù má baà yọ̀ dànù. Kò sí ọ̀kankan nínú ìyẹn lára ti Reebok tàbí ti Nike. Poliẹ́sítà ni, tàbí náílọ́ọ̀nù, ó fúyẹ́, ó ní ihò wínníwínní. Ẹni tó ń wá àwòkọ tó pé yóò rí i pé ẹnu lásán ni "1929" láti ọrùn sísàlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ nínú oòrùn ọ̀sán ní Oríta Ọláìyá yóò sì dúpẹ́ pé kì í ṣe irun àgùntàn.

Kí ẹ tó dùnàádúrà, ẹ mọ oríṣi tó wà lọ́wọ́ yín. Reebok ṣe é ní ìpele mẹ́ta. Replica ni èyí tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí bí wọ́n ṣe ń tẹ tíṣáátì ẹgbẹ́jọdá. Premier ní nọ́ńbà tí wọ́n gé láti ara aṣọ líle, tí wọ́n sì rán mọ́ ọn. Authentic ni èyí tó dà bíi ti orí pápá gan-an, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń kọ ìwọ̀n rẹ̀, 48, 50, 52, kì í ṣe L tàbí XL. Ti Nike náà jẹ́ mẹ́ta: Game jẹ́ títẹ̀, Limited jẹ́ rírán, Elite ni ti orí pápá. Ẹ fi èékánná gba etí òbìrìkìtì náà. Bó bá jẹ́ títẹ̀, èékánná yóò yọ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ rírán, yóò kọ́ etí, ẹ ó sì rí òwú tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ yí i ká. Eléyìí tí wọ́n rán ni kí ẹ lé. Bí a bá ní ká fún wọn ní máàkì, 8 nínú 10 ni a ó fún Premier tí òwú rẹ̀ ṣì pé, 5 ni a ó sì fún títẹ̀, ìyẹn bí títẹ̀ náà kò bá tíì sán.

Ìdí tí a fi fi ìyàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sáàárín wọn ni bẹ́ẹ̀lì. Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ tẹ ọ̀kírìkà pọ̀ gidigidi kí wọ́n tó dì í, ó sì máa ń pẹ́ nínú kọ̀ǹténà tó gbóná. Ọ̀dà tí wọ́n fi tẹ nọ́ńbà á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá sì ya wọ́n, á bó. Ẹ di òbìrìkìtì náà mú lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ fà á díẹ̀. Bí ìlà funfun wínníwínní bá yọ, ó ti ń sán, ìfọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni yóò parí rẹ̀. Òbìrìkìtì títẹ̀ sì tóbi ju nọ́ńbà lásán lọ, nítorí náà ó tètè ń sán láàárín, níbi tí ikùn ti ń yọ síta.

Ayédèrú máa ń tú ara rẹ̀ fó níbi òbìrìkìtì yìí. Nọ́ńbà onílà títọ́ rọrùn láti rán. Ohun tó yí po kò rọrùn rárá: aṣọ oníhò á máa nà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ bí ẹni tó ń rán an ti ń yí i, bí kò bá sì sí ohun líle tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, á súnkì, á wá dà bí ojú ìlù tí wọn kò fà le. Ẹ tẹ́ jẹ́sì náà sórí tábìlì. Òbìrìkìtì tó dára á sùn pẹrẹsẹ bí àwo. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣẹ́ aṣọ náà po sí méjì láti àárín ọrùn dé ìsàlẹ̀: ìdajì ọ̀tún gbọ́dọ̀ bo ìdajì òsì mọ́lẹ̀ ṣáṣá. Bí ọ̀kan bá yọ jáde, yálà òbìrìkìtì náà kò yí po tàbí wọn kò lẹ̀ ẹ́ sí àárín. Ẹ yí inú síta pẹ̀lú. Òwú tó gùn jáṣajàṣa àti bébà funfun tí wọ́n fà ya láìgé jẹ́ àmì iṣẹ́ ìkánjú. Ẹ wo àwọ̀ náà lójú ìmọ́lẹ̀: búlúù tó yẹ kó wà níbẹ̀ dúdú, bí aró tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, kì í ṣe búlúù títàn ti aṣọ ilé ẹ̀kọ́.

Àrùn kan wà tó ń ṣe jẹ́sì yìí tí kì í ṣe àwọn jẹ́sì Packers yòókù, a ó sì dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ẹ ó rí èyí tí òbìrìkìtì yẹ́lò rẹ̀ ti ń ṣe bí ewé. Àwọn kan á ní, "Ṣé ẹ ti rí i? Packers náà nìyẹn!" Rárá o. Búlúù ló ń gun yẹ́lò. Àwọ̀ tí wọ́n fi pa poliẹ́sítà kì í dè mọ́ òwú bí aró ṣe ń dè mọ́ òwú gidi, ìgbóná ni wọ́n fi tì í wọ inú okùn náà, ìgbóná náà sì lè tì í jáde. Bí áyọ́ọ̀nù bá gbóná jù, búlúù abẹ́ á di bí èéfín, á wọ inú ọ̀dà yẹ́lò tó wà lórí rẹ̀, búlúù àti yẹ́lò á sì bí ewé. Ibi tí wọ́n kọ cotton sí lára áyọ́ọ̀nù iná máa ń tó bí 200°C, àwọ̀ náà sì ti lè ṣí kúrò láàyè rẹ̀ kí ooru tó tó bẹ́ẹ̀. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló burú jù, nítorí kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ dín ooru rẹ̀ kù bí èédú bá ti ràn. Kò sí àtúnṣe fún èyí tó ti di ewé. Ẹ má sanwó ojúlówó lé e lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúlówó ni.

Bí ẹ bá fẹ́ kó tẹ́jú, ẹ yí inú síta, ẹ fi áyọ́ọ̀nù sí ibi tó tutù jù lọ, ẹ tẹ́ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, ẹ má sì jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù dúró sójú kan. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, inú síta, ọṣẹ lásán. Ẹ má fi omi ìsọṣọdifunfun sún mọ́ ọn: kò ní sọ yẹ́lò di mímọ́, á kàn gba agbára òwú tó yí òbìrìkìtì ká ni. Inú ìbòòji ni kí ẹ sá a sí. Àwọn jẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ sí iwájú àtẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ máa ń ṣá léjìká, nítorí náà ẹ gbé apá rẹ̀ sókè kí ẹ fi àwọ̀ abíyá wé ti èjìká kí ẹ tó gbà pé aró rẹ̀ ṣì pé.

Níbí, ìmọ̀ràn kan máa ń jáde tó bá Òṣogbo mu ju ibòmíràn lọ: "Ó ti ṣá? Ẹ gbé e lọ kí wọ́n rì í sí aró." Ìlú aró ni wá lóòótọ́, ẹni tó bá sì gbọ́ ìtàn ìkòkò aró Ọ̀ṣun tí igi fọ́ lódò kò ní fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ ẹ má dán an wò. Òwú ni aró elu mọ̀. Poliẹ́sítà kò yàtọ̀ sí rọ́bà tí wọ́n fà di okùn, aró á jókòó lórí rẹ̀, á sì bá omi ìfọ̀ àkọ́kọ́ lọ. Ibi tó máa dúró díẹ̀ ni òwú ìrán àti etí òbìrìkìtì, ìyẹn ni pé ẹ ó ba yẹ́lò jẹ́, búlúù kò sì ní dúdú sí i.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò gùn. Wọ́n gé ti orí pápá kí ó lè gba ohun líle tí wọ́n ń dì mọ́ èjìká, nítorí náà èjìká rẹ̀ á fẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà: 48 ti Reebok àti 48 ti Nike kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ fi tépù wọn abíyá sí abíyá, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ fi wé aṣọ yín tó bá yín mu. Lébẹ́ẹ̀lì tó ní 14-16 tàbí 18-20 jẹ́ ti ọmọdé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí ti àgbà tó súnkì.

Nínú òkìtì kan náà, ẹ lè bá fìlà tàbí tíṣáátì Packers tí wọ́n kọ SHAREHOLDER sí. Kì í ṣe àwàdà. Wọ́n máa ń ta ìpín nínú ẹgbẹ́ náà fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, ní 1997, 2011 àti 2021 ní àìpẹ́ yìí, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú ìnira ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ líìgì. Wọ́n wọlé ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1921. Kó tó di oṣù Kejì 1922, wọ́n ti lé wọn jáde, nítorí wọ́n lo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ mìíràn bò mọ́lẹ̀. Lambeau san 250 dọ́là láti gba àyè náà padà, ó sì di pé òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ru gbèsè. Wọ́n ra ìṣedúró òjò ní 1922 kí wọ́n lè rí owó gbà bí òjò bá lé òǹwòran sílé. Òjò náà rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbá Columbus Panhandles, àmọ́ omi tó bọ́ sínú òṣùwọ̀n kò tó iye tó wà nínú ìwé, díẹ̀ bíńtín ló kù, ilé iṣẹ́ ìṣedúró kò sì san kọ́bọ̀. Andrew Turnbull tó ń darí Press-Gazette ló wá kó àwọn olówó ìlú jọ. Ní 1923 wọ́n sọ ẹgbẹ́ di ilé iṣẹ́ aláìlérè, wọ́n ta ìpín 1,000 ní dọ́là 5 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì rà gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, ó kéré tán, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti gbogbo ìdíje ọdún náà. Ìpín náà kì í mú èrè wá. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú kan tí èèyàn rẹ̀ kò ju bí 31,000 lọ nígbà náà ṣe di ẹgbẹ́ rẹ̀ mú, nígbà tí Canton, Akron, Rock Island àtàwọn ìlú mìíràn pàdánù tiwọn. Fún àwa tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa, Osun United, tí wọ́n ń pè ní Prime tẹ́lẹ̀, ń jẹun láti ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ó tó ohun tí èèyàn ń fojú ìlara wò. Fìlà náà fúnra rẹ̀ kò níye lórí, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò di onípìn-ín.

Ẹ padà sí jẹ́sì wa. Bí etí òbìrìkìtì rírán bá ti ṣí níbì kan, ẹ má fà á, ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, nítorí gọ́ọ̀mù á le, á sì já aṣọ oníhò náà. Ẹ gé òwú tó yọ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, kí ẹ gbé e fún aránṣọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń rán kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ ní kó lo òwú yẹ́lò poliẹ́sítà, kì í ṣe òwú lásán, àti abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu rìbìtì tí wọ́n ń lò fún aṣọ tó ń nà, nọ́ńbà 11 tàbí 12. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó á gé okùn aṣọ náà, ihò á sì máa fẹ̀ sí i lẹ́yìn ìfọ̀. Kó tẹ́ bébà pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, kó fi fífẹ̀ òwú sí bíi mìlímítà 3, kó má sáré. Níbi tó bá ti fẹ́ yí, kó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú aṣọ, kó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè, kó yí aṣọ díẹ̀, kó tó máa bá a lọ. Lẹ́yìn náà kó ya bébà náà kúrò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ọ̀nà tó dára láti ná an ni láti ná an bí aṣọ tí kò lórúkọ, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ òǹtajà ṣe kà á sí. Ẹ má kọ́kọ́ dárúkọ Packers. Bó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ dá a, tó sì ní àwọ̀ ewé ló yẹ kó jẹ́ àmọ́ eléyìí "jọ ọ́", ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ abẹ́ òbìrìkìtì wò, kí ẹ sanwó.